Ẹ̀yin tó ń lọ ya fọ́tò ní York, ẹ dúró ná

Bí èèyàn bá ní ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń kàwé ní àríwá England, ó ṣeé ṣe kí méjì nínú wọn ti gbé fọ́tò York sórí Instagram. Ẹ mọ fọ́tò náà. Òpópónà tóóró kan báyìí, ilé onípákó ayé ọjọ́un lọ́tùn-ún lósì, òkè àwọn ilé náà tẹ̀ síwájú débi pé ẹni tó yọjú lójú fèrèsé níbí fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bọ ẹni tó wà lọ́hùn-ún lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ yín á wọ kóòtù dúdú, á mú ife kọfí dání, á wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ti dé inú fíìmù Harry Potter.

Kò dé inú fíìmù kankan. Wọn ò ya Harry Potter kankan ní òpópónà yẹn. Shambles lorúkọ rẹ̀, àwọn alápatà ló ni ín láyé àtijọ́. Orí pákó tó yọ síta lábẹ́ àwọn fèrèsé yẹn ni wọ́n ti ń pàtẹ ẹran, ara ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó ń tọ́ka sí pákó ìpàtẹ náà sì ni orúkọ òpópónà ọ̀hún ti jáde. Ibi tí ẹ ń gbẹ́sẹ̀ lé yẹn, ẹ̀jẹ̀ màlúù ló máa ń ṣàn níbẹ̀.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà torí fọ́tò. Èmi náà ní tèmi. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé York wà lára àwọn ìlú díẹ̀ tí mo mọ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtìjú ara rẹ̀ síbi tí àlejò á ti rí i. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó tó ìlú à á wọkọ̀ lọ wò, kì í ṣe kọfí. Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tí wọn ò tíì gbé síta tó bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ náà sì kan àwọn tó bí àwọn òbí wa.

Fún ẹni tí kò bá débẹ̀ rí: bíi wákàtí méjì ni ọkọ̀ ojú irin ń rìn láti London dé York, láti Leeds kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn ará Róòmù ló tẹ ìlú náà dó ní ọdún 71, Eboracum ni wọ́n pè é. Àwọn Viking gbà á ní 866, wọ́n sọ ọ́ di Jorvik. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ayé àwọn Viking ṣe rí, kó lọ sí Jorvik Viking Centre, tí wọ́n ṣí ní 1984 sí Coppergate, níbi tí wọ́n ti walẹ̀ rí ilé àti ẹrù wọn. Wọ́n tọ́jú ìgbẹ́ ọmọ Viking kan síbẹ̀. Ẹ kà á dáadáa, ìgbẹ́ ni mo kọ. Ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ báǹkì sí ni wọ́n ti hú u jáde ní 1972, inú gíláàsì ló wà báyìí bí ẹni tọ́jú góòlù, àwọn èèyàn sì ń sanwó wọlé láti wò ó. Ìlú tó bá lè fi ìgbẹ́ ẹgbẹ̀rún ọdún pawó, ta ló fẹ́ kọ́ ọ lówò?

York Minster, kàtídírà ńlá tí wọ́n fi ohun tó lé ní igba ọdún kọ́, kò nílò ìpolówó tèmi. Ohun kan péré ni n ó sọ nípa rẹ̀, torí pé ó máa ń dùn mọ́ ẹni tó bá kàwé òfin. Fèrèsé aláràbarà tó wà níhà ìlà oòrùn rẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá tẹ́níìsì, John Thornton ló ṣe é láàárín 1405 sí 1408. A mọ ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ náà: ọdún mẹ́ta ni wọ́n fún un, owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ àti owó ọdún rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì ní àwọn á fi £10 lé e bó bá parí iṣẹ́ lásìkò. Ọkùnrin yìí parí ẹ̀. Gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ £56. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé iṣẹ́ fún kọngílá rí, ẹ bá mi kí John Thornton.

Odi ìlú ńkọ́? Ó gùn tó kìlómítà mẹ́ta àti díẹ̀, èèyàn lè gùn ún, kó máa rìn lórí rẹ̀ láì san kọ́bọ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé àwọn Òyìnbó kan ń tọ́jú nǹkan àtijọ́ ni, pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Irọ́ ni. Ní 1800, ìjọba ìlú York fúnra rẹ̀ ló fẹ́ wó odi náà, wọ́n sì lọ wá àṣẹ láti wó o. Àwọn kan ta kò wọ́n, lára wọn ni William Etty, ayàwòrán tí wọ́n bí ní ìlú náà. Kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, apá kan ti lọ. Nínú àwọn ẹnubodè ńlá mẹ́rin, Walmgate Bar nìkan ló ṣì ní odi àbò tó yọ síwájú bó ṣe wà láyé àtijọ́. Ohun tí ẹ ń yà ní fọ́tò lónìí, àwọn kan jà fún un ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Shambles ná. Láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ọ̀pá ìdán àti ṣokoléètì, ilé kékeré kan wà tí wọ́n sọ di ibi àdúrà ní ìrántí Margaret Clitherow. Ìyàwó alápatà ni, òpópónà yẹn ló gbé (àwọn òpìtàn ní kì í ṣe inú ilé yẹn gan-an, àmọ́ kò jìnnà). Ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní ni, nígbà tí ẹni tó bá gbé àlùfáà Kátólíìkì pamọ́ sílé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ikú. Wọ́n mú Margaret, wọ́n gbé e dé iwájú adájọ́ ní 1586. Wọ́n bi í pé ṣé ó jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi. Ó panu mọ́. Bó bá fi lè dáhùn, ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, wọ́n á sì pe àwọn ọmọ rẹ̀ wá jẹ́rìí ta kò ó.

Òfin England ìgbà yẹn ní ohun tó ń ṣe fún ẹni tó bá panu mọ́ nílé ẹjọ́. Wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n á máa to nǹkan wúwo lé e láyà títí tó fi máa sọ̀rọ̀ tàbí tó fi máa kú. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1586, ilẹ̀kùn ilé obìnrin yìí fúnra rẹ̀ ni wọ́n tú wá, wọ́n gbé e lé e, wọ́n wá to òkúta lé orí ilẹ̀kùn. Kò sọ̀rọ̀. Ó di 1772 kí wọ́n tó pa ìjìyà yẹn rẹ́, síbẹ̀ náà, ẹni tó bá panu mọ́, wọ́n kà á sí ẹni tó jẹ̀bi. Àfi ní 1827 ni òfin tó wá sọ pé kí ilé ẹjọ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi, kí ẹjọ́ máa lọ. Ohun tí ilé ẹjọ́ Nàìjíríà náà ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí olóṣèlú kan bá dúró bí ère nínú àpótí olùjẹ́jọ́ tí kò dáhùn, tí adájọ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi, tí inú ń bí yín nídìí tẹlifíṣọ̀n, ẹ rántí ilẹ̀kùn Margaret Clitherow. Kò sí bí mo ṣe máa kọjá ní Shambles tí n kò ní ro ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró pẹ́ sí ni Clifford's Tower. Ilé gogoro olókùúta ni, ó jókòó sórí òkè kan tí wọ́n fọwọ́ mọ, koríko tútù bo òkè náà yíká. Ẹ gun àtẹ̀gùn dé òkè, gbogbo ìlú á tẹ́ sílẹ̀ níwájú yín, Minster á máa wò yín lókèèrè. Fọ́tò ibẹ̀ máa ń dára ju ti Shambles lọ, mi ò lè parọ́.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1190, igi ni wọ́n fi kọ́ ilé gogoro tó wà lórí òkè yẹn, ilé ọba sì ni. Àwọn Júù ìlú York, nǹkan bí 150, tọkọtaya, arúgbó, ọmọ ọwọ́, sá wọ inú rẹ̀ torí pé àwọn aráàlú ń lé wọn kiri. Ariwo ogun ẹ̀sìn ló gba ilẹ̀ kan nígbà náà. Ọba Richard Kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí ìtẹ́, ó sì ń múra láti lọ jagun nítorí Jerúsálẹ́mù. Ohun tí ìwé ìtàn máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn, ẹ̀sìn. Ẹ jẹ́ ká wo abẹ́ rẹ̀ ná. Ṣọ́ọ̀ṣì kò fẹ́ kí Kristẹni máa yáni lówó èlé. Iṣẹ́ yẹn wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn Júù, ọba sì ń gba owó orí gọbọi lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọlọ́lá agbègbè York yá owó. Richard Malebisse, tó wà lára àwọn tó ṣíwájú àwọn jàǹdùkú tó yí ilé gogoro náà ká, onígbèsè ni.

Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ 16, àwọn tó wà nínú ilé rí i pé kò sọ́nà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yàn láti kú sọ́wọ́ ara wọn jù kí wọ́n kú sọ́wọ́ àwọn tó wà níta. Iná sọ. Wọ́n ṣèlérí fún àwọn tó kù pé bí wọ́n bá jáde wá ṣèrìbọmi, kò séwu. Wọ́n jáde. Wọ́n pa wọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn mi. Àwọn jàǹdùkú yìí kúrò nídìí òkú, wọ́n kọrí sí Minster, ibi tí ìwé gbèsè wà. Wọ́n kó àwọn ìwé náà jáde, wọ́n dáná sun wọ́n sí àárín ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ń pariwo orúkọ Ọlọ́run níta, ìwé gbèsè ló wá lọ! Ìjọba ọba gbaná jẹ lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo ohun tó bí ìjọba nínú: olówó ti kú, ìwé ti jóná, owó orí ti lọ. Wọ́n bu owó ìtanràn lé àwọn gbajúmọ̀ ìlú lórí. Nígbà tó di 1194, wọ́n ṣòfin pé ìwé gbèsè Júù gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà, kí ọ̀kan máa wà nínú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ìwé rí ààbò. Àwọn èèyàn ńkọ́? Ní 1290, Ọba Edward Kìíní lé gbogbo Júù kúrò ní England pátápátá. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ wa lófin pé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ló wà nídìí irú àwọn òfin bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn.

Ọdún mélòó ló gbà kí York tó kọ èyí síta? Ó di 1978 kí wọ́n tó gbé àmì ìrántí sí ìsàlẹ̀ òkè náà. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ọdún 788. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbin òdòdó daffodil sára òkè, yẹ́lò, oníṣẹ́ mẹ́fà bí ìràwọ̀ Dáfídì, tó máa ń tanná ní oṣù Kẹta tí wọ́n pa wọ́n. Àríyànjiyàn kò sì tán. English Heritage, tó ń bójú tó ibẹ̀, fẹ́ kọ́ ilé àlejò sí ìdí òkè náà, ìjọba ìlú fọwọ́ sí i, àwọn aráàlú ní àwọn ò gbà, ó di ilé ẹjọ́ gíga. Àwọn aráàlú fìdí rẹmi nílé ẹjọ́ ní 2017. Ní 2018, English Heritage fúnra rẹ̀ pa ètò ilé náà tì. Nígbà tí wọ́n tún ilé gogoro náà ṣí ní 2022, inú rẹ̀ ni wọ́n tún ṣe, wọ́n fi ìdí òkè sílẹ̀. Ẹ rí i pé ẹni tó bá pàdánù ẹjọ́ lè jàǹfààní ariwo. Wọn kì í kọ́ wa níyẹn náà.

Ọjọ́ tí mo débẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ méjì ń ya fídíò ijó lórí àtẹ̀gùn. Ijó náà dáa. Àmì ìrántí wà lẹ́yìn wọn nísàlẹ̀, kò tóbi, èèyàn lè kọjá lára rẹ̀ nígbà mẹ́wàá. Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ: “Bọ̀dá lọ́yà, mo ti ṣe shift mẹ́rin nílé àwọn arúgbó lọ́sẹ̀ yìí, oníwákàtí méjìlá-méjìlá, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo fẹ́ lọ gba atẹ́gùn, ẹ wá ń kó òkú 1190 bá mi.” Ó yé mi. Ẹ gba atẹ́gùn yín. Ìṣẹ́jú méjì ni kíka àmì yẹn ń gbà, ẹ ṣì máa jó.

Bí ẹ bá kúrò níbẹ̀, ẹ lọ sí Yorkshire Museum. Ní 1901 ni wọ́n hú egungun obìnrin kan jáde ní York nínú pósí olókùúta. Ọ̀rúndún kẹrin ni wọ́n ti sin ín. Wọ́n sin ín bí olówó. Ẹ̀gbà ọwọ́ eyín erin wà lọ́dọ̀ rẹ̀ àti ẹ̀gbà dúdú dídán, yẹtí wà níbẹ̀, díńgí wà níbẹ̀, ìgò búlúù kékeré sì wà níbẹ̀. Wọ́n tún gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára egungun pẹlẹbẹ kan, tí wọ́n fi kí i ní arábìnrin, tí wọ́n sì tọrọ ìyè nínú Ọlọ́run fún un. Ní 2010, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Reading ní àyẹ̀wò agbárí àti egungun rẹ̀ fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ Àríwá Áfíríkà wà lára rẹ̀. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Septimius Severus, olú ọba Róòmù tí wọ́n bí ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Líbíà lónìí, York ló kú sí ní ọdún 211. Ìyẹn ni pé kí àwọn Angle tí wọ́n fi sọ England lórúkọ tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ yẹn, ọmọ Áfíríkà ti jọba lé e lórí, ó sì ti kú síbẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n máa ń bi nínú bọ́ọ̀sì pé níbo ni ẹ ti wá gan-an gan-an, ẹ rí nǹkan sọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kòkó.

York ni wọ́n ti ṣe KitKat àkọ́kọ́, ní ilé iṣẹ́ Rowntree, ní 1935. Ọdún 1937 ló tó gba orúkọ KitKat. York náà ni ilé iṣẹ́ Terry's ti ṣe ṣokoléètì tó dà bí ọsàn ní 1932. Ìlú náà kì í fi èyí ṣeré. Ní King's Square, lẹ́nu Shambles gan-an, ẹ máa rí York's Chocolate Story, tí wọ́n ṣí ní 2012, níbi tí ẹ ti máa sanwó, tí wọ́n á sọ ìtàn ṣokoléètì ìlú náà fún yín, tí ẹ̀yin náà á sì fọwọ́ ara yín ṣe díẹ̀. Ó dùn. Mo dẹ̀ gbádùn ẹ̀.

Àwọn Rowntree tọ́jú òṣìṣẹ́ wọn, ẹ má jẹ́ ká fi bò. Ẹlẹ́sìn Quaker ni wọ́n. Láti 1902 ni wọ́n ti ń kọ́ ilé tó dáa sí New Earswick lẹ́yìn ìlú. Wọ́n fún ìlú ní Rowntree Park ní 1921 ní ìrántí àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó bá Ogun Àgbáyé Kìíní lọ. Seebohm Rowntree, ọmọ ilé náà, fọ́n àwọn èèyàn káàkiri ilé àwọn òṣìṣẹ́ ní York, ó ṣírò iye owó tí ìdílé kan nílò kí ebi má pa wọ́n, ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1901, ìwé náà sì wà lára ohun tó la ojú ìjọba ilẹ̀ náà sí ọ̀rọ̀ òṣì.

Ṣùgbọ́n kòkó kì í hù ní York. Òtútù ibẹ̀ ò ní jẹ́ kó yọ ewé mẹ́ta.

Níbo ni wọ́n ti ń rí i? Fún ìgbà kan, láti São Tomé àti Príncipe, níbi tí àwọn Potogí ti ń fi tipátipá mú àwọn èèyàn láti Àǹgólà ṣiṣẹ́ lóko. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo ńlá. Ní 1909, Cadbury, Fry àti Rowntree ní àwọn ò ra kòkó ibẹ̀ mọ́. Rowntree tún ra kòkó ní Nàìjíríà nígbà ìjọba amúnisìn. Ẹ sì mọ ibi tí kòkó Nàìjíríà ti ń wá: Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà, Oǹdó, àwọn abà tí orúkọ wọn ò sí nínú àwòrán ilẹ̀ kankan. Ẹni tó bá ti lo ọlidé rí lábà kòkó mọ iṣẹ́ ibẹ̀. Wọ́n á ká a, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà, òórùn rẹ̀ á gba abà kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sá a, wọ́n á máa rò ó, bí òjò bá sì ṣú, tìyá tọmọ á sáré palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ló ń ṣe èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tọ́ ṣokoléètì wò rí títí wọ́n fi kú.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Emma Robertson, tó jẹ́ onímọ̀ ìtàn, ti kọ ìwé kan, Chocolate, Women and Empire, tó so àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ York mọ́ àwọn obìnrin oko kòkó Nàìjíríà. Ní 2021, Rowntree Society fúnra rẹ̀ gbé ìwádìí síta nípa bí ilé iṣẹ́ náà ṣe jẹ nínú iṣẹ́ ẹrú, iṣẹ́ àfipáṣe àti ìjọba amúnisìn. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe nǹkan tí àlejò ń rí bó ṣe ń rìn kiri ìlú. Àwọn tó sun ìwé gbèsè ní 1190, inú ìwé ìtàn ni ọ̀rọ̀ wọn ti wà láti ìgbà náà. Àmì tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè ló sọ ọ́ di ohun tí ọmọ ilé ìwé ń béèrè lọ́wọ́ tíṣà rẹ̀. Ohun tí mo ń fẹ́ nìyẹn fún kòkó. Irin pẹlẹbẹ kan, tàbí òkúta, níta, lójú ọ̀nà, lọ́fẹ̀ẹ́, tó dárúkọ ibi tí kòkó náà ti wá àti irú àwọn èèyàn tó gbìn ín. Bí a bá tún ní ká dúró fún ọdún 788, a jẹ́ pé ó di nǹkan bíi 2720 nìyẹn tí a bá kà á láti ọjọ́ KitKat àkọ́kọ́.

Wọ́n á ní, wọn ò jí kòkó yín o, wọ́n rà á ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè, mi ò sì béèrè owó. Bí a bá sì fẹ́ ṣe òótọ́, kì í ṣe Òyìnbó nìkan ló jẹ àgbẹ̀ ní gbèsè. Láti 1947 tí Marketing Board ti gba òwò kòkó, iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ máa ń kéré sí iye tí kòkó ń pa lọ́jà àgbáyé, àwọn tiwa sì bá a lọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí agbára bọ́ sọ́wọ́ wọn. Owó kòkó wà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955. Òun ló kọ́ Ilé Kòkó sí Dùgbẹ̀ ní 1965, èyí tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní Àwòṣífìlà. Kò tó ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ kan náà gbé kóńdó àti ìbọn ní Àgbẹ̀kọ̀yà, torí owó orí ti fẹ́ pa wọ́n. Ìyẹn náà yẹ lára ògiri, ní Dùgbẹ̀, mo sì máa kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àmọ́ pé tiwa kò tíì sí lára ògiri kò ní kí n má béèrè ti York, nígbà tó jẹ́ pé York ń gba owó lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà kó tó sọ ìtàn náà fún mi.

Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí, tí ẹ ń kàwé ní Yunifásítì York tàbí ní Leeds, iṣẹ́ wà. Nígbà tí ẹni tó ń mú yín kiri ilé ṣokoléètì bá dé ibi kòkó, ẹ nawọ́ sókè, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè: ní ọdún 1935, oko ta ni kòkó yìí ti wá? Ẹ má ṣe é bí ìjà. Wọ́n lè ní ìdáhùn tó dáa lẹ́nu, ẹ tẹ́tí sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí York Civic Trust, àwọn tó máa ń gbé àmì aláwọ̀ búlúù sára ilé káàkiri ìlú náà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Rowntree Society. Ojú ìwé kan ti tó. Ẹ kọ ọdún síbẹ̀, ẹ kọ orúkọ yín, kí ẹ wá kọ orúkọ abà tí bàbá àgbà yín tàbí ìyá àgbà yín ti ṣe kòkó. Bí ẹ ò bá mọ orúkọ abà náà, ẹ pe ilé lálẹ́ òní kí ẹ béèrè, nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.